Ọgbà Tó Hù Lábẹ́ Òkè Ọ̀kà

Ìyá Ọ̀kà ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́ pé bí òun bá kú, kí ẹnikẹ́ni má dìde sọ̀rọ̀ gígùn lórí òun. Ó ní àwọn tó ń yin òkú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò wá kí i nígbà tó wà láàyè, oúnjẹ ni wọ́n ń dúró dè. Mo gbọ́ ìkìlọ̀ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló kà léèwọ̀, kò dárúkọ ìwé, nítorí kò mọ̀wé. Mo rò pé mo ti rí ibi yọ.

Òun ló bí ìyá mi. Ọ̀kà ni wọ́n ti bí i, Ìkàrẹ́ ló lọ́kọ sí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, kí oòrùn tó mú ló ti rìn láti ìlú kan dé èkejì, síbẹ̀ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ń pè é ní Ìyá Ọ̀kà bí ẹni pé ó la odò ńlá méje kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun náà ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, kò fi ẹnu Ọ̀kà sílẹ̀. Ulé ni ilé lẹ́nu rẹ̀, ulẹ̀ ni ilẹ̀, usu ni iṣu, éè sì ni kì í. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé ìwé tí mo ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, ó jẹ́ kí n tún un ṣe tán, ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ tìrẹ dáa. Lọ fi bu omi wá."

Ó kúrú, ó dúdú, ó sì lágbára, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn màlúù rẹ̀ rí. Ẹ má bínú sí mi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi wọ́n wé ara rẹ̀. Màlúù ilẹ̀ wa ni mò ń wí o, àwọn kúkúrú tí kò ní iké lẹ́yìn, tí wọ́n ti wà ní Àkókó kí àwọn Fúlàní tó máa da tiwọn gba ọ̀nà wa kọjá. Ìyá rẹ̀ ló fa àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, abo kan tí ojú rẹ̀ tutù. Àkànkẹ́ ló sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n bí mi, ó gbé mi lọ́wọ́, ó wò mí títí, ó ní Àkànkẹ́ ni oríkì mi. Nígbà tí mo dàgbà tí mo mọ ẹni tí wọ́n fi mí pè, inú bí mi, mo lọ bá a. Kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń hunṣọ. Ó ní, "Màlúù yẹn ò kọ oúnjẹ rí, kò sì ṣàìsàn rí. Kí lo tún fẹ́?"

Bíbá a lọ sọ́jà, ìtìjú ni. Ohun tó bá wù ú, kì í yìn ín. Yóò gbé e, yóò yí i po, yóò wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí lára rẹ̀. Ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ díẹ̀, adìyẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́, òwú tí òjò ti pa létí, àwọn ni ọjà tirẹ̀. Bó bá ti rí àbùkù báyìí, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á wá jókòó ti ọlọ́jà náà bí ẹni tó dé ilé. Nígbà kan mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ra abọ́ tó pé fún mi, pé mo ti tó ẹni tí wọ́n ń fi abọ́ tó pé bu oúnjẹ fún. Ó ra èyí tó sán létí. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ní, "Àbùkù ọjà ni owó tó kù létí aṣọ mi."

Òun àti Bàbá àgbà, ọkọ rẹ̀, kì í sábà jà. Ìjà wọn tó le jù lọ, tí gbogbo ilé ṣì ń sọ, orí màlúù ni. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ ló ń ṣọgbà yí oko rẹ̀ ká, màlúù a máa rìn bó ṣe wù ú. Nígbà tó di pé àjẹ́lẹ̀ òyìnbó dé, tí wọ́n ń fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà mọ́tò, gbogbo nǹkan yí padà. Wọ́n kéde ní Ìkàrẹ́ pé láti ìgbà òjò tó ń bọ̀, màlúù tí wọ́n bá bá nínú oko olóko, pípa ni, wọ́n á sì pín ẹran rẹ̀ fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Àkànkẹ́ ti di márùn-ún nígbà náà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tó ń jẹ́ oko olóko.

Bàbá àgbà ní kí ó tà wọ́n kí òjò tó dé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn fẹ́ àlàáfíà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ tí màlúù ń jẹ ewé iṣu wọn. Ìyá Ọ̀kà ní òun ò tà. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ ní oko. Dépò, àkọ́bí wa, ọkùnrin ni, yóò pín níbẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí tẹ̀lé e. Ta ni yóò pín oko fún wọn?" Ìyá mi, tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ fún mi pé ọjọ́ náà lòun kọ́kọ́ mọ̀ pé torí òun ni wọ́n ṣe ń sin màlúù. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Bàbá àgbà ní, "Ó dáa. Wá ibi tí wọn ò ti ní jẹ iṣu ẹnikẹ́ni."

Ìyá Ọ̀kà wá ń wá ilẹ̀. Gbogbo ohun tó ní kò ju owó akọ màlúù kékeré kan àti ti aṣọ mélòó kan tó hun tà lọ. Ó dé Ọ̀bà, ilẹ̀ tó rí níbẹ̀ dára, koríko rẹ̀ ga, odò gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ni ín ní iye tó mú wá kò tó, pé kí ó sì rán ọkọ rẹ̀ wá kí àwọn bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú padà. Ó ní, "Ṣé ọkọ mi ni yóò máa jẹ koríko yín ni?"

Ibi tó wá bá a lára mu, lábẹ́ òkè Ọ̀kà ni. Ilẹ̀ ìdílé Bàbá Ajíbóyè ni, wọn kì í ṣe ẹbí wa. Àpáta pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ́ fi ń dún bí agogo bí wọ́n bá fi kan ilẹ̀, iṣu kì í ta níbẹ̀, àgbàdo ibẹ̀ a sì máa kú kó tó yọ irun. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ẹ ti mọ̀ bí inú ìyá àgbà mi yóò ti dùn tó. Àárín ọyẹ́ ló lọ wò ó, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ. Àwọn ènìyàn ní kí ó dúró di ìgbà òjò kí ó lè rí ẹwà ibẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí o fi wo ulẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, kò sí ulẹ̀ tí kì í parọ́."

Kò sì dá lọ. Ó fi okùn fa Àkànkẹ́ láti Ìkàrẹ́, òun àti màlúù, ẹsẹ̀ mẹ́fà lórí ọ̀nà kan, àwọn tó ń bọ̀ láti oko ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé, ó tú okùn. Àkànkẹ́ rìn wọ àárín àwọn àpáta, ó rí koríko tútù níbi tí òjìji kò jẹ́ kí ó gbẹ, ó jẹ ẹ́, ó tún rìn lọ síbi kan tí omi ti ń sun díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ òkúta nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, ó mu ún, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Ìyá Ọ̀kà jókòó tì í títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé Ọ̀kà, bi í pé kí ló wá fa màlúù wá sí ibi ìwolẹ̀ fún, ó ní, "Ẹni tó máa gbébẹ̀ ni kó wo ibẹ̀."

Bàbá Ajíbóyè, olórí ìdílé náà, kò tà á. Nígbà náà, ẹni tó bá ń ta ilẹ̀, bí ẹni ń ta egungun bàbá rẹ̀ ni. Ó ní àwọn á fi ilẹ̀ náà yá a kí ẹran rẹ̀ máa jẹko níbẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ kò wúwo: iṣu, epo ìkòkò kan, lọ́dọọdún. Àṣẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, gbogbo ayálẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n: kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ ti sọ pé òun ò lọ mọ́, torí ẹni tó gbin igi ló ni ín. Ìyá Ọ̀kà gbà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, wọ́n pa obì.

Ó ku ọgbà. Òkè ti dí ìhà kan pa, èyí tó máa ń pè ní ògiri tí Ọlọ́run mọ fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. Ìhà mẹ́ta tó kù ló ń fẹ́ òpó, kò sì sówó òpó. Ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn gbogbo ilé ní Ọ̀kà ni ẹ̀ka ìyeyè. Òun, àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta gé e, wọ́n rù ú, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi igbó dí àárín rẹ̀. Ìyá mi ní èjìká òun bó. Kí oṣù ẹ̀ẹ̀rùn tó pé, màlúù márààrún ti wà nínú ọgbà, Ìkàrẹ́ sì ti ń sùn dáadáa.

Òjò kan rọ̀. Èkejì rọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ọgbà rúwé.

Ẹni tí kò bá mọ ìyeyè, kí n sọ fún un: igi tí kì í gbà pé wọ́n ti gé òun ni. Gbogbo òpó tí wọ́n rì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yọ ewé lórí bí ọmọ tuntun tó wọ fìlà. Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé Ajíbóyè rí i, wọ́n sáré lọ sílé. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti ránṣẹ́ pe Ìyá Ọ̀kà láti Ìkàrẹ́. Nígbà tó dé, àwọn àgbà ti jókòó sórí àpáta, àwọn ọ̀dọ́ dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Bàbá Ajíbóyè ní, "A ní kí o má gbin igi."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, éè ṣe igi ni mo gbìn. Òpó ni mo rì. Ulẹ̀ yín ló gbìn ín."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó hú gbogbo rẹ̀ lónìí, kí ó sì máa kó ẹran rẹ̀ lọ, torí ọmọ rẹ̀ á dé lọ́la, á ní ìyá òun ló ni ibẹ̀. Ìyá Ọ̀kà wo ọgbà náà, ó wo àwọn màlúù. Wọ́n ti ń gbin iṣu ní Ìkàrẹ́. Bó bá dà wọ́n padà sílé, kò ní í pẹ́ kí wọ́n tó fi ẹran wọn se ọbẹ̀ fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀, ó di ìdí aṣọ rẹ̀ mú. Ìyá Ọ̀kà ní kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan péré, pé bí òun ò bá padà wá, kí wọ́n fi àdá wọn ṣe ohun tó bá wù wọ́n.

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkàrẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn padà. Ohun tó gbé dání ni aṣọ òkú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ìgbà náà a máa hun aṣọ tí wọ́n máa fi sin wọ́n sílẹ̀. Ti Ìyá Ọ̀kà gbà á ní ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta. Ìgbà tó bí ìyá mi tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aró dúdú tó jinlẹ̀, ilà pupa tín-ín-rín, ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í fi yá là á kọjá. Ẹni tó rí i ní ilé wa kò sí tí kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí àpáta níwájú Bàbá Ajíbóyè, ó kó owó tó ní lé e. Ó ní, "Ẹ má fi yá mi mọ́. Ẹ tà á fún mi."

Àgbàlagbà náà fọwọ́ pa aṣọ náà. Ó ní, "Kí ni wọ́n ó wá fi sin ọ́?"

Ó ní, "Bàbá, òtútù kì í mú òkú. Àwọn ọmọ mi ló wà láàyè."

Wọ́n tà á. Àwọn àgbà rìn yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, àwọn igi ìyeyè tó dá ìjà sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ààlà. Èmi náà ti jẹ èso wọn. Ó kan díẹ̀, àmọ́ ó dùn ún jẹ.

Láti ìgbà náà, ọrọọrún ni Ìyá Ọ̀kà ń lọ wo ọgbà rẹ̀, títí tó fi darúgbó. Ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ìyá mi ti jáde, ibẹ̀ náà ni tèmi ti jáde. Akọ màlúù kan tí wọ́n ń pè ní Ṣọ́jà ló rán mi dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Wọn ò kọ orúkọ Ṣọ́jà síbẹ̀?"

Ìbéèrè kan wà tí mo bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta láyé mi, pé ṣé ó mọ̀ pé ìyeyè máa hù. Ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀kà, tó bá igi náà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní í mọ̀? Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní kí n lọ wo ohun tó wà lórí iná. Ní ìgbà kejì, ó ní àwọn tó kàwé ló ń bi àgbà ní ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, a jọ jókòó sínú oòrùn àárọ̀. Mo rò pé kò gbọ́. Nígbà tó yá ló ní, "Mo mọ̀ pé á hù. Mi ò mọ̀ pé á yá tó bẹ́ẹ̀."

Ó kú láìdá ẹnikẹ́ni láàmú. Ó mu ẹ̀kọ, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìgbà tí a ṣí àpótí rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé kò hun aṣọ òkú mìíràn. Aṣọ wà níbẹ̀ o. Ó di ti ìyá mi lọ́tọ̀, ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́tọ̀, tèmi lọ́tọ̀, ti àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí lọ́tọ̀. Kò sí tirẹ̀. Mo sunkún, mo sì bínú sí i. Gbogbo ọdún yẹn, gbogbo òwú yẹn, kò rí ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣoṣo fi ṣe tara rẹ̀. Bàbá Dépò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní òun á lọ ra aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí ó lọ. Kí ni mo tún lè sọ?

Kò tíì jáde nígbà tí àwọn ará Ọ̀kà wọlé. Ọmọ Bàbá Ajíbóyè obìnrin ló ṣáájú wọn, òun náà ti di arúgbó, irun rẹ̀ funfun. Ó kí wa kú àdánù, ó sọ ẹrù kan kalẹ̀ níwájú ìyá mi, ó tú u. Aró dúdú, ilà pupa tín-ín-rín. Ìyá mi pariwo, ó dojú bo aṣọ náà.

Arúgbó náà ní, "Bàbá wa éè fi bora rí. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ kú, wọ́n ní kí a má fi sin àwọn, pé aṣọ yìí éè ṣe tàwa. Wọ́n ní ẹni tó ni ín ò tíì nílò rẹ̀ ni."

Bàbá Dépò rọra sún mọ́ arúgbó náà, ọmọ Ìyá Ọ̀kà ni lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Aṣọ yìí wà lára owó ilẹ̀. Bí a bá gbà á padà lónìí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ńkọ́?"

Arúgbó náà wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Bàbá Dépò, igi yín ti hù. Ta ni yóò hú u?"

A fi aṣọ náà sin ín. Èmi wà lára àwọn tó wé e. Nígbà tí a dé ibi èjìká, mo rí i pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ níbi kan, ihò kékeré bí ẹyọ àgbàdo, létí ilà pupa. Ẹkún wà lójú mi, ẹ̀rín sì gbọ̀n mí, torí mo mọ ohun tí ìyá àgbà mi ìbá sọ bó bá rí i lọ́jà. Mo rọra fọwọ́ bo ihò náà, mo sì fi ọwọ́ mi síbẹ̀ títí wọ́n fi gbé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa dín owó lórí rẹ̀.